Àwo Ni Ẹrù, Ẹ̀rọ Ni Agbọ̀n

Ẹ̀yin ọmọ mi, láti ìgbà tí ìròyìn ti kàn pé ẹ̀rọ aláwo bàbá mi ti ń kọrin padà, ẹsẹ̀ kò dá nílé mi ní Ìgànà, ní ilẹ̀ Benin, mọ́. Ẹnìkan gbé tirẹ̀ wá láti Pọ́bẹ̀ lórí zémìjàn, alùpùpù akérò, ó fi ìró ìyá rẹ̀ wé e bí ọmọ tuntun. Ẹnìkan wá láti Ṣakẹ́tẹ́, apá ẹ̀rọ tirẹ̀ ti kán, ó kó o sínú àpò ọ̀tọ̀. Ìbéèrè kan náà sì ni gbogbo yín ń bi mí: Bàbá, kí ni kí a rà sí i kó lè dún dáadáa?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi yín ní tèmi. Kí ló wà lára àwo tí ẹ fẹ́ gbọ́, mélòó irú rẹ̀ ló sì kù láyé? Nínú àpótí bàbá mi, àwo kékeré kan wà tí bàbá rà ní Kútọnu, tí ikán ti jẹ bébà àárín rẹ̀ débi pé orúkọ akọrin kò ṣeé kà mọ́. Obìnrin ni, èdè wa ló fi kọrin, ó ń ki àwọn àgbà ìlú kan lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ti wá èkejì àwo náà títí dé Àjàṣẹ́ àti Èkó, n kò rí i. Bí abẹ́rẹ́ burúkú bá họ ọ́ lónìí, ohùn obìnrin náà ti lọ nìyẹn. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé àwo ni ẹrù, ẹ̀rọ kàn jẹ́ agbọ̀n tí a fi rù ú ni. Gbogbo ìmọ̀ràn tí mo fẹ́ gbà yín, ibẹ̀ ló ti ṣẹ̀ wá.

1. Ẹ má ṣe so ẹ̀rọ mọ́ iná lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé e dé.

Èmi ṣe é, mo sì jìyà rẹ̀. Teppaz ni ẹ̀rọ bàbá mi, àpótí kékeré bíi báàgì ìrìn-àjò, tí gbohùngbohùn rẹ̀ wà lára ìdérí. Ọkùnrin kan ní ìlú Lyon, Marcel Teppaz, ló dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ lọ́dún 1931. Ẹ̀rọ rẹ̀ gbajúmọ̀ débi pé ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ Faransé, Teppaz ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ aláwo èyíkéyìí tó bá ṣeé gbé rìn. Ibì kan wà lára ti bàbá mi tí a ti ń yàn bóyá iná 110 ni tàbí 220. N kò wò ó. Orí 110 ló wà, iná ilé wa sì jẹ́ 220. Kí n tó ka ení, èjì, èéfín ti yọ, tiransifọ́mà ti jóná. Oṣù mẹ́rin gbáko ni mo fi wá òmíràn.

Ẹ wo iye iná tó ń gbà ná. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ iṣẹ́ rédíò yẹ àwọn kapásítọ̀ inú rẹ̀ wò. Àwọn kan nínú wọn ní omi nínú, omi yẹn a sì máa gbẹ bí ọdún ti ń gorí ọdún. Èyí tí a bá fi dípò rẹ̀, iye fóòtì tó lè gbà kò gbọdọ̀ kéré sí ti àtijọ́. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ onígílóòbù, irú ti àtijọ́ tí ife gíláàsì máa ń tàn nínú ampílífáyà rẹ̀, ẹ má tiẹ̀ ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ rárá, kódà bí ẹ bá ti yọ ọ́ kúrò lára iná. Iná tó lé ní 200 fóòtì lè wà nípamọ́ nínú kapásítọ̀ yẹn, ó sì lè pa èèyàn.

Nígbà tí a bá fẹ́ dán an wò, èyí ni ọgbọ́n tí àwọn àgbà oníṣẹ́ rédíò fi ń ṣọ́ ara wọn. Wọ́n á so gílóòbù àtijọ́ tí a fi ń tan iná ilé, wáàtì 60, sí ojú ọ̀nà, kí iná tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ kó kọ́kọ́ gba inú gílóòbù kọjá. Bí gílóòbù náà bá tàn tó sì rọlẹ̀, ọkàn lè balẹ̀. Bó bá tàn gbòò tí kò rọlẹ̀, kí ẹ yára yọ ọ́, nǹkan kan ti fara kan ohun tí kò yẹ kó kàn nínú ẹ̀rọ. Gílóòbù LED tí ẹ ń lò nílé báyìí kò lè ṣe iṣẹ́ yìí.

2. Ẹ ya fọ́tò kí ẹ tó tú síkírù kan ṣoṣo.

Fóònù wà lọ́wọ́ yín. Àwa kò ní in nígbà tiwa, ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ púpọ̀ fi kú sọ́wọ́ atúnṣe.

3. Epo ọ̀pẹ kì í ṣe epo ẹ̀rọ.

Mo mọ̀ pé inú ọ̀pẹ la bí wa sí. Láti ayé àwọn Faransé ni ilé-ìwádìí ọ̀pẹ ti wà ní Pọ́bẹ̀, kò sì sí ilé tí ẹ wọ̀ tí ẹ kò ní bá adí. Ṣùgbọ́n ọmọ kan gbé ẹ̀rọ wá bá mi tí wọ́n ti rọ adí sí ìdí ọ̀pá tí pẹpẹ àwo ń yí lórí rẹ̀. Fún ọ̀sẹ̀ kan ó yí dáadáa. Lẹ́yìn náà ni adí náà dì, ó kó eruku ọyẹ́ mọ́ra, ó sì wá le bí oje igi. Ọjọ́ méjì ni mo fi sípíríìtì fọ̀ ọ́ kúrò, pẹ̀lú òwú tí mo wé mọ́ igi ìtayín.

Epo ẹ̀rọ ìránṣọ ni kí ẹ lò, ẹ̀kán kan ṣoṣo sí ìdí ọ̀pá, ẹ̀kán kan sí ìdí ẹ́ńjìnnì. Kí epo má kan rọ́bà o.

4. Rọ́bà ló ń darúgbó jù nínú rẹ̀.

Ẹ̀rọ mìíràn ń lo kẹ̀kẹ́ rọ́bà láti yí pẹpẹ, òmíràn ń lo bẹ́líìtì. Èyí tí mo rí jù nínú àwọn tó ti Nàìjíríà gba ẹnubodè Ìgọ̀lọ̀ wọlé ni Garrard, tí wọ́n ń ṣe ní Swindon ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kẹ̀kẹ́ rọ́bà ló sì wà nínú àwọn yẹn. Bí a bá ti pa ẹ̀rọ náà tì fún ọdún púpọ̀ tí rọ́bà ṣì tẹ̀ mọ́ irin, ojú kan lára rẹ̀ á pẹlẹbẹ. Ẹ ó máa gbọ́ gbì, gbì, gbì lábẹ́ orin bí ẹni ń gún iyán ní ilé kejì. Ẹ rọra fi sáńpépà tó kúnná yí i ká, ẹ fi sípíríìtì nù ún. Bó bá ti sán, ẹ wá òmíràn. Lẹ́yìn tí orin bá parí, ẹ dá ọwọ́ ìyára padà sí àárín, kí rọ́bà lè kúrò lára irin.

Ní ti bẹ́líìtì, ẹ má gé táyà inú kẹ̀kẹ́ fi dípò rẹ̀. Mo mọ̀ pé wọ́n ń ṣe é. Ibi tó nípọn àti ibi tó fẹ́lẹ́ kì í dọ́gba lára rẹ̀, ohùn akọrin á sì máa gbọ̀n bí ohùn ewúrẹ́.

5. Ẹ kà á.

Ọ̀pọ̀ yín ń sọ fún mi pé ẹ̀rọ yín ń yí bó ṣe yẹ, mo sì ń bi yín pé ta ló kà á. Àwo ńlá ń yí ní ìgbà 33 àti ìdá kan nínú mẹ́ta ní ìṣẹ́jú kan. Ìyẹn jẹ́ ìgbà 100 géérégé ní ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹ lẹ bébà pupa kékeré mọ́ etí pẹpẹ, kí ẹnìkan di aago fóònù mú, kí ẹlòmíràn máa kà. Bó bá jẹ́ àwo kékeré tó ń yí ní 45, ìgbà 135 lẹ ó kà. Ẹ fi àwo sórí rẹ̀, kí abẹ́rẹ́ sì wà lójú orin nígbà tí ẹ bá ń kà á, torí ẹ̀rọ tó rẹ̀ máa ń sáré nígbà tí kò bá ru nǹkan kan.

Mo ní láti sọ ti àwọn tí ẹ̀gbọ́n wọn fi ẹ̀rọ ránṣẹ́ sí láti Amẹ́ríkà. Ọmọkùnrin kan ra tiransifọ́mà sí tirẹ̀, ó sọ 220 di 110, ó sì rò pé iṣẹ́ ti parí. Nígbà tó gbé àwo Ebenezer Obey, olórin jùjú, sí i, ó dà bí ẹni tí oorun ń kùn. Iná Amẹ́ríkà ń gbọ̀n ní ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tiwa ń gbọ̀n ní ìgbà 50, ẹ́ńjìnnì irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sì ń tẹ̀lé bí iná ṣe ń gbọ̀n. Tiransifọ́mà kò lè yí ìyẹn padà. 33 rẹ̀ di bíi 28. Irin róbótó tó wà lórí ẹ́ńjìnnì, tó ń fa bẹ́líìtì, ni a máa pààrọ̀ sí ti iná 50. Àwọn ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ìyára ara wọn, irú Technics SL-1200 tí àwọn ará Japan gbé jáde ní 1972, kò ní ìṣòro yẹn.

6. Abẹ́rẹ́ ni kí ẹ náwó lé.

Bí ẹ bá ní owó díẹ̀ tí ẹ fẹ́ fi tún ẹ̀rọ yín ṣe ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ má fi ra gbohùngbohùn ńlá. Abẹ́rẹ́ nìkan ló ń fara kan àwo.

Nínú orí apá àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ púpọ̀, iyọ̀ kan ló ń sọ ìgbọ̀nrìrì abẹ́rẹ́ di iná, iyọ̀ Rochelle ni wọ́n ń pè é. Iyọ̀ ni, ó sì ń ṣe bí iyọ̀ nígbà òjò. Ọ̀rinrin ilẹ̀ wa ń jẹ ẹ́, ooru ń pa á. Bí ẹ̀rọ yín bá ń yí tí gbohùngbohùn sì ń hó díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n tí ẹ kò gbọ́ orin, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Èyí tí wọ́n fi seramíìkì ṣe ni kí ẹ fi dípò rẹ̀, ó fara da ojú ọjọ́ wa ju ti iyọ̀ lọ.

Ẹ ṣọ́ra fún ọwọ́ kékeré tó wà lára orí apá tí a fi ń yí abẹ́rẹ́ padà. Ojú kan wà fún àwo 78, àwo àtijọ́ tó ń yí ní ìgbà 78 ní ìṣẹ́jú kan, ojú kejì wà fún àwo tó wá lẹ́yìn rẹ̀. Ẹnu abẹ́rẹ́ ti 78 nípọn tó ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin ti èkejì. Bí ẹ bá fi í lé àwo Poly-Rythmo, ẹgbẹ́ olórin Kútọnu, ẹ ti fi ọkọ́ ṣe iṣẹ́ abẹ nìyẹn. Ìgbà kan ṣoṣo ti tó láti ba àwo jẹ́.

Ìwúwo apá ńkọ́? Ẹ yá òṣùwọ̀n kékeré tí àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ń lò, ẹ gbé ẹnu abẹ́rẹ́ lé e. Seramíìkì lè béèrè gíráàmù 5. Èyí tó ń lo mágnẹ́ẹ̀tì kì í sábà ju gíráàmù 3 lọ, ó sì ń tọ́jú àwo jù. Ṣùgbọ́n kí n sọ òótọ́ fún yín, ẹ̀rọ báàgì bíi Teppaz kò lè lo mágnẹ́ẹ̀tì, apá rẹ̀ wúwo jù. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ Dual tàbí Thorens ló lè ronú rẹ̀, yóò sì tún ra àpótí kékeré kan sí àárín ẹ̀rọ àti ampílífáyà. Iná tó ń ti orí mágnẹ́ẹ̀tì jáde kéré púpọ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àwọn tó ń tẹ àwo a máa dín ohùn ìsàlẹ̀ kù, wọ́n a sì fi kún ohùn òkè, lọ́nà tí àwọn ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà fẹnu kò lé lórí ní 1954. Àpótí yẹn ló ń dá wọn padà sípò. Láìsí i, ìyá ìlù á dún bí agolo.

7. Bó bá ń kùn hùùù láìdúró, ẹ wo wáyà ilẹ̀.

Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, tó ń ti ara ẹ̀rọ lọ sára ampílífáyà. Àwọn kan ti gé e dànù torí wọn kò mọ iṣẹ́ rẹ̀.

8. Ẹ mọ irú àwo tí ẹ fẹ́ fọ̀.

Àwo 78 ń fọ́ bí àwo tánńganran, oje kòkòrò sì wà nínú ohun tí wọ́n fi ṣe é. Orí irú rẹ̀ ni wọ́n gba ohùn Àlùfáà Josiah Ransome-Kuti, bàbá-bàbá Fẹlá, sí ní Lọ́ńdọ̀nù ní àwọn ọdún 1920. Bí ẹ bá da sípíríìtì sí i, yóò yọ́. Omi tútù mímọ́ àti ọṣẹ díẹ̀ ni kí ẹ lò, kí ẹ sì tètè nù ún. Àwo ike náà ń fẹ́ omi mímọ́, irú omi tí kò ní ásíìdì nínú tí wọ́n fi ń kún bátìrì ọkọ̀, àti aṣọ rírọ̀. Ẹ nù ún bí ojú orin ṣe yí, kì í ṣe láti àárín síta. Ní òró ni kí ẹ tò wọ́n, kí wọ́n sì jìnnà sí òkè àjà. Lábẹ́ páànù ní oṣù Ẹrẹ́nà, àwo máa ń ká bí ewé.

9. Ìgbà àkọ́kọ́ tí àwo bá kọ dáadáa, kí ẹ ti máa gbà á sílẹ̀.

Ní 2008, Samy Ben Redjeb, ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ Analog Africa ní Jámánì, gbé àkójọ orin àtijọ́ ilẹ̀ Benin àti Tógò jáde, ayé sì gbọ́ Poly-Rythmo lákọ̀tun. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n àwo tó bá ijó àwọn àlejò mu ni wọ́n ń wá. Ta ni yóò wá obìnrin tó ń ki àwọn àgbà ìlú wa? Àwa náà ni. Ẹ so ẹ̀rọ mọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ gbà á, ẹ kọ ohun tó wà lára bébà àwo sílẹ̀ bó ṣe wà gẹ́lẹ́, títí kan nọ́ńbà rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e lọ bá àwọn tó dàgbà jù yín lọ.

Mo gbé ti obìnrin yẹn lọ sí Ṣakẹ́tẹ́ nínú fóònù, sọ́dọ̀ ìyá àgbà kan. Kò mọ akọrin náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí orin dé orí àgbà kẹta tí wọ́n ń kì, ó fi ọwọ́ lé àyà, ó ní bàbá ọkọ òun nìyẹn, oríkì tí wọ́n fi ń jí i nílé ni. Ó ní kí n tún un gbé. Mo tún un gbé lẹ́ẹ̀kejì, mo tún un gbé lẹ́ẹ̀kẹta. Àwo náà wà nínú àpò rẹ̀ nílé mi ní Ìgànà.