Ewu Ọ̀fun fún Alárùn Gbígbọ̀n

Ní ọdún 1817, James Parkinson, oníṣègùn kan ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, tẹ ìwé kékeré kan jáde lórí àrùn gbígbọ̀n tí ó rí lára ènìyàn mẹ́fà. Orúkọ rẹ̀ ni a fi ń pe àrùn náà títí di òní. Kì í ṣe ọwọ́ tí ń gbọ̀n nìkan ni ó kọ sílẹ̀. Ó kọ pẹ̀lú pé, bí àrùn náà ti ń le sí i, oúnjẹ gbígbé mì a di iṣẹ́ líle, itọ́ a sì máa dà láti ẹnu aláìsàn. Ọwọ́ ni ará ilé ń wò, ṣùgbọ́n ọ̀fun ni kí wọ́n ṣọ́ pẹ̀lú.

Inú ọpọlọ ni àrùn náà ti ń bẹ̀rẹ̀; kì í ṣe ọwọ́ ọ̀tá. Ohun kan wà níbẹ̀ tí àwọn oníṣègùn ń pè ní dopamine, tí ń jẹ́ kí iṣan ara yá. Bí ó bá dínkù, iṣan a le, a sì lọ́ra, àti ti ahọ́n àti ti ọ̀fun. Ọ̀nà oúnjẹ àti ọ̀nà èémí sún mọ́ ara wọn. Nígbà tí a bá ń gbé nǹkan mì, ọ̀nà èémí ní láti tì kíákíá bí ìlẹ̀kùn. Bí ó bá pẹ́ kí ó tó tì, omi tàbí oúnjẹ a yà sínú ẹ̀dọ̀fóró, a sì di òtútù àyà, èyí tí ó ti pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn alárùn yìí.

Àmì rẹ̀ ni wọ̀nyí: ikọ́ nídìí oúnjẹ, ohùn tí ó dàbí ẹni pé omi wà nínú rẹ̀, oúnjẹ tí ń pẹ́ lẹ́nu, àti ara tí ń rù. Ẹlòmíràn kì í tilẹ̀ wúkọ́ rárá. Nítorí náà kí a má ṣe fi àìwúkọ́ ṣe ẹ̀rí àlàáfíà. Ẹni tí a bá rí àmì wọ̀nyí lára rẹ̀, kí a mú un lọ sí ilé ìwòsàn.

Èkíní, kí aláìsàn jókòó ṣánṣán jẹun, kí ó má ṣe gbé orí sẹ́yìn, kí ó má sì dùbúlẹ̀ títí ìdajì wákàtí yóò fi kọjá.

Èkejì, òkèlè kékeré ni kí ó máa bù. Kí ó gbé ọ̀kan mì tán kí ó tó bu òmíràn, kí ẹnikẹ́ni má sì bá a sọ̀rọ̀ nígbà náà.

Ẹ̀kẹta, kí oúnjẹ rọ̀, kí ó sì ní ọbẹ̀. Gàrí tútù pẹ̀lú ẹ̀pà dùn lẹ́nu àgbẹ̀, ṣùgbọ́n ewu ni fún un: omi a sáré lọ, ẹ̀pà a kù lẹ́yìn.

Ẹ̀kẹrin, kí a máa fọ ẹnu rẹ̀ láràárọ̀ àti lálaalẹ́, nítorí ìdọ̀tí ẹnu a máa bá itọ́ wọ inú àyà.

Ẹ̀karùn-ún, kí ó lo oògùn rẹ̀ ní àkókò tí oníṣègùn dá, kí ó lè jẹun nígbà tí oògùn náà ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀.

Bí oúnjẹ bá há a lọ́fun tí kò lè wúkọ́ tàbí sọ̀rọ̀, kí a má ṣe fún un ní omi. Kí a tẹ̀ ẹ́ síwájú, kí a fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a lẹ́yìn láàárín èjìká ní ìgbà 5 pẹ̀lú agbára, kí a sì ké sí ìrànlọ́wọ́.

Àgbà tí ń tú oúnjẹ sílẹ̀ a máa tijú, a sì fẹ́ dá jẹun ní kọ̀rọ̀. Kí àwọn ọmọ má ṣe gbà fún un. Kí wọ́n jókòó tì í, kí wọ́n sì ní sùúrù. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.