Níbo Ló Ti Ń Jò?

Gbé fóònù yẹn sílẹ̀, kí o fa àpótí sún mọ́ mi. Má wojú ìyá rẹ, kò lè gbà ọ́ lọ́wọ́ mi lónìí. Èmi ni mo pọ̀n ọ́n dàgbà kó tó bí ọ.

O gba BAC, a jó, a yọ̀, mo pa àkùkọ mi. Láti ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ tí a ti jẹ iṣu tuntun ní Savalou, abẹ́ igi kajú lo ń sùn sí bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Ìyá rẹ ní kí o lọ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù, kí o di frigoriste. O ní ẹni tó gba BAC kì í gun òrùlé. Àbúrò rẹ ní òun fẹ́ di assistante sociale, òṣìṣẹ́ tó ń ran àwọn tó wà nínú ìṣòro lọ́wọ́. O fi í rẹ́rìn-ín, o ní ṣé iṣẹ́ nìyẹn, ṣebí Tántì ń parí ìjà ní gbogbo Djaloukou láìní ìwé ẹ̀rí kankan.

Hẹn-ẹn. Èmi lo fi ṣe àpẹẹrẹ. Ó dáa, wá gbọ́ ọ lẹ́nu Tántì náà.

Ó ti tó ogójì ọdún tí mo ti ń parí ìjà tọkọtaya, mo sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n o rántí ọmọ aládùúgbò wa, èyí tó ń gbé àpò kajú bí ẹni gbé ìrọ̀rí? Oògùn ìrora tramadol ló ń bá a gbé e. Ẹyọ kan ló fi bẹ̀rẹ̀ kí ẹ̀yìn má baà ro ó. Nígbà tó yá, bí kò bá lò ó, kò lè dìde lórí ẹní. Kí ni èmi aláparí-ìjà ṣe? Mo bú u láàárọ̀, mo bú u lálẹ́. A tì í mọ́lé kó má baà rí i rà. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó ń gbọ̀n, ó ń làágùn, ó ń bì, kò rí oorun sùn. A ní ayé ló ń bá a jà. Àṣé ara tí oògùn ti mọ́ lára ló ń bèèrè rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan ló là wá lóye: ọmọ ìyá kan náà ni tramadol àti mọ́fíìnì, ẹni tó bá ti pẹ́ nínú rẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n fi ń gbà á kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, lójú ẹni tó mọṣẹ́. Ó wá jókòó ti ọmọ náà, ó bi í ní ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò bi í rí: kí lo ń sá fún? Gbèsè ni. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé ẹnu mi gùn ju ọgbọ́n mi lọ.

Má tíì dìde. Ọ̀rọ̀ fírígò kù.

Fírígò tí mo fi ń ta omi tútù, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ẹnì kan gun alùpùpù wá rọ gáàsì sí i, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sanwó. Ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, ọmọkùnrin kan tó kọ́ṣẹ́ dé, kò tilẹ̀ fọwọ́ kan ìgò gáàsì. Omi ọṣẹ ló fi pa páìpù, ó ń wo ibi tí yóò ti hó. Ó ní, “Màmá, fírígò kì í mu gáàsì bí alùpùpù ṣe ń mu epo. Inú páìpù ló ń yípo sí. Bó bá ti dín, ó ń jò níbì kan.” Ó rí ihò náà, ó dí i, ó fa afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin inú rẹ̀ jáde, kó tó wá rọ gáàsì. Títí dòní, omi mi ń dì.

Gáàsì tí ẹni orí alùpùpù yẹn sì jẹ́ kó fò lọ ńkọ́? Nítorí irú gáàsì bẹ́ẹ̀, tó ń ba ojú ọ̀run jẹ́, ni àwọn orílẹ̀-èdè fi ṣe àdéhùn ní Montreal ní 1987. Wọ́n tún ṣe òmíràn ní Kigali ní 2016 lórí àwọn tó ń mú ayé gbóná. Àwọn tuntun kan wà, bí R-600a, tó ń gba iná. Ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ á fi iná sún mọ́ ọn, ilé á jó. Àjẹsára àwọn ọmọ ọwọ́ sì rèé, láàárín 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló gbọ́dọ̀ wà. Bí fírígò ilé ìwòsàn bá kú, ìwé BAC rẹ la ó fi fẹ́ ẹ?

Bẹ́ẹ̀ náà ni iṣẹ́ àbúrò rẹ rí: ibi tó ti ń jò ni wọ́n ń wá. Bí ọmọbìnrin tí wọ́n fi ṣe vidomègon, ọmọ ọ̀dọ̀ nílé onílé, bá sá wálé láti Kútọnú, èmi á fún un lóúnjẹ, n ó nu ojú rẹ̀ nù, n ó bú ẹni tó mú un lọ. Mo ti rọ gáàsì nìyẹn. Assistante sociale ni yóò bèèrè ohun tó gbé e kúrò nílé; ó mọ Òfin Ọmọdé tí Bẹ̀nẹ̀ ṣe ní 2015, ó mọ ilẹ̀kùn tí a ń kàn, yóò sì padà wá wò ó lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

Mo mọ̀ pé o ó ní Grégoire Ahongbonon, ẹni tó ń lẹ táyà ní Bouaké, kò kọ́ ọ níléèwé kó tó máa tú ẹ̀wọ̀n lára àwọn aláìsàn ọpọlọ. Òótọ́ ni, àánú ló fi bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí iṣẹ́ náà gbòòrò dé Avrankou àti Djougou, ó wá àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn tí ara wọn ti yá náà sì kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú. Ó mọ ibi tí àánú òun mọ.

Nítorí náà, gbọ́. Ní Lokossa, wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ òtútù ní iléèwé INSTI. Bí o bá fẹ́ ọ̀dọ̀ ọ̀gá, ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ ọwọ́ CQP wà, wàá máa ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, wàá sì máa lọ síléèwé. Ti àbúrò rẹ, iléèwé ENFS wà ní Lomé, Tógò kò kúkú jìnnà sí wa. Ẹ lọ bèèrè iye owó rẹ̀ àti ọjọ́ ìdánwò. Mo ní àpò kajú méjì tí n kò tíì tà.

Ṣùgbọ́n kí o tó lọ, wọlé lọ bẹ àbúrò rẹ. Má ní kí n bá ọ parí ìjà yìí o.