Kí Ẹ Tó Wọ Ọkọ̀ Ọ̀pẹẹrẹ

Ẹ̀yin ọmọ wa ní Adja-Ouèrè, ọkọ́ àti ọ̀pẹ la bá lọ́wọ́ àwọn bàbá wa. Mo gbọ́ pé àwọn kan nínú yín ń lọ kọ́ iṣẹ́ ẹja pípa ní adágún Nokoué. Kò burú, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ tèmi.

Omi náà fẹ̀ lọ súà, síbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ibi púpọ̀ nínú rẹ̀ kò ju àyà àgbàlagbà lọ. Ìdí nìyí tí àwọn ará Ganvié, abúlé tó wà lórí adágún náà, fi ń fi ọ̀pá gígùn gún ẹrẹ̀ láti ti ọkọ̀ wọn. Ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ tín-ín-rín. Ẹni tó bá fò dìde lójijì yóò dà á dé. Ẹ kọ́kọ́ jókòó, kí ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín mọ̀ ọ́n.

Bí ẹ bá rí ẹ̀ka igi tí wọ́n rì mọ́ ẹrẹ̀, acadja nìyẹn. Ẹja ń sá sábẹ́ rẹ̀, ó ń jẹ, ó ń bí síbẹ̀. Acadja náà ní ẹni tó ni ín. Ẹ má da àwọ̀n síbẹ̀ láéláé. Oko olóko ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tí kò bá tíì mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́, kó má tíì wọkọ̀.