Bí Eegun Gìgísẹ̀ Ọmọdé Bá Fọ́

Bí máńgòrò bá ti pọ́n ní Nasarawa, ní Kaduna, àwọn ọmọ kì í dúró kó jábọ́. Wọ́n á gun igi. Ẹ̀ka á kán, ọmọ á já lulẹ̀, gìgísẹ̀ á sì gba gbogbo ìwúwo ara.

Eegun gìgísẹ̀ ọmọdé kì í sábà fọ́, nítorí ó ṣì rọ̀. Ìyẹn ló ń mú kí òbí rò pé ẹsẹ̀ kàn rọ́ ni. Ẹ wò ó dáadáa. Ṣé ọmọ ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rìn, tí kò jẹ́ kí gìgísẹ̀ kanlẹ̀? Ṣé gìgísẹ̀ náà wú, tó fẹ̀ ju ìkejì lọ? Ṣé àtẹ́lẹsẹ̀ ti dúdú nítorí ẹ̀jẹ̀ tó dì síbẹ̀? Bí bẹ́ẹ̀ bá ni, ó di dandan kí wọ́n ya X-ray. Ẹ sọ ibi gíga tó ti já fún dókítà, kó lè yẹ ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ wò.

Bí eegun kò bá yẹ̀, POP tí wọ́n ń dì mọ́ ẹsẹ̀ á tó. Bí oríkèé bá ti rì wọnú, iṣẹ́ abẹ lè kàn. Dókítà á fa ìlà méjì sórí àwòrán, á wo igun tó wà láàárín wọn. Lorenz Böhler ará Austria ló gbé ọgbọ́n yìí jáde ní 1931. Bí eegun bá ti rì, igun náà á kéré.

Tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń la ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ gbọọrọ bíi lẹ́tà L. Awọ ibẹ̀ fẹ́lẹ́, ẹran kò sí lábẹ́ rẹ̀, ojú abẹ a máa kẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ ní láti dúró kí ẹsẹ̀ fà, títí awọ á fi hunjọ.

Ní báyìí, ihò kékeré ti ń tó fún ọ̀pọ̀ ọmọ. Ọmọ á sùn, dókítà á ti irin tẹ́ẹ́rẹ́ wọlé, á fi gbé eegun padà sípò, tí ẹ̀rọ á máa fi inú ẹsẹ̀ hàn án. Irin mìíràn á di eegun mú fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, wọn á sì fà á yọ. Ọgbẹ́ kéré, ó sì tètè ń jinná. Àmọ́ eegun tó bá rún wómúwómú lè ṣì gba kí wọ́n la ẹsẹ̀. Ẹ béèrè bóyá ilé ìwòsàn yín ní ẹ̀rọ tó ń fi inú ẹsẹ̀ hàn náà.

Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ jù ni igi tí wọ́n ń dì mọ́ ẹsẹ̀ ọmọ pinpin nílé maɗori, ìyẹn oníṣègùn ìbílẹ̀ tó ń to eegun. Bí ìka ẹsẹ̀ bá tutù, tó ń dúdú, tàbí tí ìrora ń pọ̀ sí i, ẹ tú ìdè náà lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sáré gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n ti gé ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ ní Nàìjíríà nítorí irú ìdè bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ọjọ́ tí ọmọ bá já náà ni kí ẹ gbé e lọ.