Ilé Ni A Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde: Ọ̀rọ̀ Ìyànjú fún Ẹni Tó Ń Múra Ìdánwò Iṣẹ́ Ìjọba

Àwọn àgbà ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹni tó ń lọ sí òde ijó kì í dé ojú agbo tán kó tó máa wá ìlẹ̀kẹ̀ tí yóò fi sọ́rùn. Bí ilẹ̀ bá mọ́ ní Oǹdó lọ́jọ́ ìdánwò iṣẹ́ ìjọba, ẹ lọ wo ibi tí ọkọ̀ Àkúrẹ́ ti ń kérò. Ẹ ó rí àwọn ọmọ wa nínú ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀ tó ń dán, fáìlì sàtífíkéètì lábẹ́ apá, bíírò méjì lápò. Wọn yóò ré Ọ̀wẹnà kọjá, ọkọ̀ yóò já wọn sí Àkúrẹ́, wọn yóò sì máa bèèrè ọ̀nà Alágbàká níbi tí ọ́fíìsì ìjọba pọ̀ sí. Gbogbo ẹrù wọn lojú ń rí, àfi ọ̀kan ṣoṣo: ohun tí kálukú ti ṣe láti ọjọ́ tó ti gba fọ́ọ̀mù. Ẹrù yẹn ni mo fẹ́ ká jọ tú wò.

Àwa tí a bí sí ìlú kòkó ní àpẹẹrẹ tiwa. Bí àgbẹ̀ bá já kòkó, tó fọ́ ọ, yóò kó o jọ sábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún bí ọjọ́ mẹ́fà kó lè kan, lẹ́yìn náà ni yóò sá a sóòrùn. Ẹni tí ojú ń kán á gbé tirẹ̀ lọ sórí ìwọ̀n kó tó gbẹ. Lọ́jọ́ náà, àpò tirẹ̀ ni yóò tẹ̀wọ̀n jù, ṣùgbọ́n omi ló ń tẹ̀wọ̀n. Bó bá pẹ́ díẹ̀ ní sítọ́ọ̀, á bu. Torí irú èyí ni wọ́n fi ní aṣàyẹ̀wò kòkó, tó ń ka 300 hóró, tó ń fi ọ̀bẹ là wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan kó lè rí inú wọn. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni aṣàyẹ̀wò yẹn. Bí òun alára bá gba ojú ìwọ̀n wọlé gẹ́gẹ́ bí kòkó tútù, ta ni yóò la tàwọn ẹlòmíràn wò?

Ohun tó kọ́kọ́ ń dán olùdíje wò ni ìbéèrè tó jáde. Kì í ṣe àwa la bẹ̀rẹ̀ màgòmágó ìdánwò. Ní Ṣáínà, níbi tí wọ́n ti fi ìdánwò yan òṣìṣẹ́ ọba fún ohun tó ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ kí wọ́n tó fòpin sí i ní 1905, àwọn kan kọ ìwé wínníwínní sára ẹ̀wù àwọ̀tẹ́lẹ̀ wọnú ìdánwò. Nílé wa níbí, ọdún 1977 ni ìbéèrè ìdánwò WAEC jáde rẹpẹtẹ tí àwọn èèyàn fi ń pè é ní "Expo 77". Láti ìgbà yẹn ni "ẹ́kspò" ti di ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọdé àti àgbà. Lóde òní, kò sẹ́ni tó ń fi ẹ́kspò sínú bàtà mọ́. Orí WhatsApp ló ń gbà wá. Ẹ lè má bẹ ẹnikẹ́ni, kí ọ̀rẹ́ yín kàn fi ránṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò: "Wo èyí, má sọ fún ẹnì kankan."

Ẹni tí kò ra á, tí kò tọrọ rẹ̀, ṣé ó jẹ̀bi? Òwe ti dáhùn: ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀ fún un. Ẹ má ṣí i. Ẹ má fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ẹ jáde nínú ẹgbẹ́ orí fóònù tí wọ́n ti ń tà á, bí ẹ bá sì ní ẹ̀rí pé wọ́n ń gbowó lé e lórí, ẹ gbé e lọ fún àjọ tó ni ìdánwò náà. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ rí ni kí ẹ sọ, ẹ má fi orúkọ ẹni tí ẹ kàn ń fura sí kún un, torí ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Òfin ìjọba àpapọ̀ kan wà láti 1999 lórí màgòmágó ìdánwò, ẹ̀wọ̀n sì wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta ẹ́kspò yìí tún jẹ́ gbájúẹ̀: irọ́ ni wọ́n ń tà, ẹni tó sì fowó ra irọ́ láti fi jalè, kò ní ẹni tí yóò fi ẹjọ́ sùn.

Ẹlòmíràn á bi mí pé, ìbéèrè àtẹ̀yìnwá ńkọ́? Ìyẹn kò lẹ́bi. Ẹ ra á, ẹ kà á, ẹ jókòó mẹ́ta-mẹ́rin kí ẹ jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tí mo fi ń ya méjèèjì sọ́tọ̀ kò le: ṣé gbogbo ẹni tó ń ṣe ìdánwò yìí ló lè rí ohun tí mo ń kà, bó bá wá a? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ìmúra ni. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹrù olè ni.

Èkejì ni ọjọ́ orí. Ní iṣẹ́ ìjọba wa, ẹni ọgọ́ta ọdún, tàbí ẹni tó ti lo ọdún márùndínlógójì lẹ́nu iṣẹ́, ìyókù di ilé, èyí tó bá kọ́kọ́ dé níbẹ̀ ni wọn yóò lò. Ìdí nìyẹn tí bàbá fi ń gba ọmọ rẹ̀ níyànjú pé kó lọ búra ní kọ́ọ̀tù, kó yọ ọdún mẹ́rin. "Gbogbo èèyàn ló ń ṣe é." Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Nínú òwe yìí, ogún ọdún la dá. Irọ́ ọjọ́ orí yóò lọ fún márùndínlógójì, ojoojúmọ́ ọdún wọ̀nyí ni ẹni tó pa á yóò sì máa ṣọ́ fáìlì ara rẹ̀. Ẹ rántí Sàlísù Bùhárí, olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin ní 1999. Ó ní 1963 ni wọ́n bí òun, 1970 ni. Ó tún ní òun gboyè ní Yunifásítì Toronto, irọ́ ni. Ní oṣù Keje ọdún náà, ó fi ẹkún kọ̀wé fipò sílẹ̀. Ìwé Òfin Iṣẹ́ Ìjọba tí ẹ̀yin fúnra yín ń há sórí, ẹ ṣí i sí orí tó dá lé ìbáwí: ayédèrú àkọsílẹ̀ wà lára ẹ̀ṣẹ̀ ńlá tí wọ́n fi ń lé òṣìṣẹ́ kúrò.

Ọ̀rọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ tan mọ́ èyí. Méjìdínlógún ni wọ́n ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, gbogbo wọn ló sì ń retí ìpín tiwọn nínú iṣẹ́ tí ìjọba bá gbé jáde. Ọmọ Àkúrẹ́ tí ìyá rẹ̀ wá láti ibòmíràn lè máa rò ó pé, níwọ̀n bí èrò ti pọ̀ ní tiwa, n kò bá kúkú lo ti ìyá mi. Ẹ ka ohun tí fọ́ọ̀mù bèèrè. Ohun tó bá bèèrè ni kí ẹ dáhùn. Ẹni tó bá gba ààyè ọmọ ìlú kékeré kan, ọmọ kan wà níbẹ̀ tí kò mọ̀ ọ́n, tí yóò tún padà sídìí ọkọ́ lọ́dún tó ń bọ̀.

Ẹ̀kẹta ló le jù, nítorí ìfẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Ká ní àbúrò bàbá yín jẹ́ ọ̀gá ní Alágbàká. Ìyá yín ti pè é lórí fóònù lálẹ́: "Bàbá Kẹ́mi, ọmọ yín ni o. Ẹ má jẹ́ kójú tì wá." Ọkùnrin yẹn náà ti wọ gàù. Bó bá kọ̀, wọ́n á ní ó gbàgbé ilé. Bó bá ṣe é, ó ti fi ẹ̀jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ tàfàlà. Èèyàn laṣọ mi, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n a kì í torí pé òtútù ń mú wa ká bọ́ aṣọ lára ẹni tó fẹ́ bò wá. Ẹ má sọ fún un pé ẹ kò fẹ́ ìrànlọ́wọ́ rẹ̀, torí ìyẹn yóò dà bí ìgbéraga. Ẹ yí ohun tí ẹ ń tọrọ padà. Ẹ lọ kí i, ẹ dọ̀bálẹ̀, kí ẹ ní: "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá ìwé òfin iṣẹ́ ìjọba tuntun, kí ẹ sì fún mi ní wákàtí kan lọ́jọ́ Sátidé, kí ẹ bi mí níbèèrè bí àwọn adájọ́ ìdánwò yóò ṣe bi mí. Ṣùgbọ́n ẹ má fi orúkọ mi ránṣẹ́ síbì kankan." Àgbà tó gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí, ara yóò tù ú. Ẹ ti fún un ní ohun tó lè ṣe láìtijú.

Àwọn tó ń sọ pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà, mo gbà fún wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó bá la àárín oko olóko kọjá, èso ẹni ẹlẹ́ni lẹ ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé ọjà.

Ẹ̀yin tí ẹ ti wà lẹ́nu iṣẹ́, tí ẹ ń múra ìdánwò ìgbéga, tiyín náà wà. Ẹ ń kàwé lábẹ́ tábìlì, arúgbó kan tó wá láti Oǹdó nítorí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ sì ti jókòó síta láti aago mẹ́sàn-án. Ìwé tí ẹ ń kà ló ní kí ẹ dá a lóhùn. Ẹ pa ìwé dé. Bí ọ̀gá bá ní kí ẹ bá òun kọ ìdánwò tòun ńkọ́? Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹ lè sọ pé: "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n máa dúró lẹ́yìn iṣẹ́ kí a jọ máa kà á." Bí ipò kan ṣoṣo bá sì ṣófo, tí ẹnìkejì yín wá yá ìwé àkọsílẹ̀ yín, ọkàn lè kọ̀. Òfin kankan kò ní kí ẹ yá a. Síbẹ̀, ẹ yá a. Òun lẹ óò jọ wà ní ọ́fíìsì, ẹnì yòówù kó wọlé.

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe dé inú ìbéèrè gan-an. Wọ́n lè bi yín pé: ọ̀gá yín ní kí ẹ buwọ́ lu fócà iṣẹ́ tí wọn kò tí ì ṣe, kí ni ẹ ó ṣe? Ọ̀pọ̀ á kọ "N kò ní buwọ́ lù ú," wọn á sì rò pé ó parí. Ìdáhùn ọmọdé nìyẹn. Ẹ bi ara yín ní ohun mẹ́rin. Kí ni òfin wí? Ta ni yóò jẹ ìyà rẹ̀, bóyá abúlé tí wọn yóò ní a ti gbẹ́ kànga fún tí kò sì rí omi? Ọ̀nà mélòó ló wà láàárín "ó dáa" àti "rárá": ṣé mo lè ní ká kọ́kọ́ lọ wo iṣẹ́ náà, ṣé mo lè bẹ ọ̀gá kó kọ àṣẹ rẹ̀ sínú fáìlì? Ẹ̀kẹrin, ṣé mo lè kọ ìdí tí mo fi ṣe ohun tí mo ṣe sínú fáìlì yẹn, kí n buwọ́ lù ú, kí ẹni tí yóò jókòó sórí àga mi lẹ́yìn ogún ọdún kà á? Ìkẹrin yìí ni ọgbọ́n iṣẹ́ ìjọba. Àṣẹ ẹnu a máa pòórá. Ohun tó wà nínú fáìlì kò lọ síbì kan.

Ẹ wá mú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà sórí ẹ́kspò, ọjọ́ orí àti ìpè ìyá yín. Ẹ ó rí i pé ìbéèrè kan náà ni. Ẹni tí kò lè dáhùn rẹ̀ nílé, bó bá dáhùn rẹ̀ ní gbọ̀ngàn, àdàkọ ni.

N kò ní tàn yín. Olóòótọ́ lè fìdí rẹmi, kí ẹni tó ra ìbéèrè yege. Adékúnlé Ajásin, olùkọ́ láti Ọ̀wọ̀, ṣe gómìnà ìpínlẹ̀ wa láti 1979 sí 1983. Nígbà tí ológun gbàjọba, wọ́n tì í mọ́lé, wọ́n sì gbé e lọ síwájú ìgbìmọ̀ ìdájọ́ wọn. Wọn kò rí owó ìlú lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jìyà tí kò tọ́ sí i, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n la hóró rẹ̀ wò, gbígbẹ ni wọ́n bá a. Ìdánwò a máa tún padà wá. Ẹni tó bá kùnà lè tún fọ́ọ̀mù gbà. Ayédèrú tó bá ti wọnú fáìlì kò ní àtúngbà.

Nítorí náà, lálẹ́ ọjọ́ tí ìdánwò ku ọ̀la, kí ẹ tó lọ ṣẹ́ẹ̀tì, kí ẹ tó to sàtífíkéètì sínú fáìlì, ẹ mú fóònù yín. Ẹ pa ohun tó yẹ kí ẹ pa rẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ sùn, ọkọ̀ Àkúrẹ́ á tètè gbéra.