Kẹ̀kẹ́ Ológeere Bàbá Àgbà: Ṣé Dúdú Ilé-iṣẹ́ Ni Àbí Àwọ̀ Tó Wù Wá?

Lónìí, àríyànjiyàn kan tó ṣẹlẹ̀ nílé wa ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé kẹ́mísírì díẹ̀ fún yín.

Bàbá àgbà mi fi kẹ̀kẹ́ ológeere kan sílẹ̀ kó tó di pé wọ́n jáde láyé. Raleigh ni, èyí tí ìjánu rẹ̀ jẹ́ ọ̀pá irin, tí wọ́n ṣe ní Nottingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí a gbé e jáde látinú yàrá ẹrù, ọ̀dà àwọ̀ ewé bíi ti géètì ló wà lára rẹ̀. Bàbá mi ní kí n họ gbogbo rẹ̀ kúrò, kí n dá a padà sí dúdú bó ṣe wà nígbà tó jáde ní ilé-iṣẹ́. Èmi ní búlúù ló wù mí. Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé kẹ̀kẹ́ ọmọdé ni?"

Kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, mo kọ́kọ́ ka ohun tí kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ kọ sílẹ̀. Mo nu gíríìsì kúrò lára họ́ọ̀bù ẹ̀yìn, mo rí AW, mo rí 57, mo sì rí 6. Sturmey-Archer ló ṣe họ́ọ̀bù náà: AW ni irú èyí tó ní jíà mẹ́ta, 57 ni ọdún 1957, 6 sì ni oṣù kẹfà. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra o. Ọjọ́ orí họ́ọ̀bù nìyẹn, kì í ṣe ti férémù. Ẹlòmíì lè ti pààrọ̀ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ látìgbà yẹn.

Lẹ́yìn náà ni mo wá abẹ́ ìjókòó, níbi tí ojú kò ti lè tètè rí i, mo fi sáńpépà àti omi họ ibi tí kò ju kọ́bọ̀ lọ. Mo fi omi sí i nítorí pé òjé lè wà nínú ọ̀dà àtijọ́, eruku rẹ̀ sì máa ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ẹ má họ ọ̀dà àtijọ́ ní gbígbẹ láé, ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ọmọ sún mọ́ ibẹ̀. Ohun tí mo rí dà bí àlùbọ́sà tí a gé: àwọ̀ ewé lókè, dúdú lábẹ́ rẹ̀, eérú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan lábẹ́ dúdú, kí irin tó wá yọjú.

Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ aláwọ̀ eérú yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Phosphate ni. Kí wọ́n tó kun kẹ̀kẹ́ ní ilé-iṣẹ́, wọ́n á fi omi ásíìdì kan tó ní phosphate nínú wẹ férémù. Ásíìdì náà á jẹ ojú irin díẹ̀, á sì fi kírísítálì kéékèèké sílẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ irin pinpin. Ọ̀dà máa ń di kírísítálì yẹn mú bí gbòǹgbò ṣe ń di ilẹ̀ mú. Bí ọ̀dà bá sì bó níbì kan, phosphate kì í jẹ́ kí ìpáàrà tètè rá wọ abẹ́ ìyókù. Ẹ̀yìn èyí ni wọ́n á kùn ún, wọ́n á sì yan ọ̀dà náà nínú ààrò títí á fi le koko.

Ṣé ẹ rí wàhálà náà báyìí? Bí mo bá họ férémù dé irin, phosphate bá a lọ. Ọ̀dà agolo tí mo bá wá fọ́n sí i lẹ́yìn ìyẹn, ìbáà dúdú, ìbáà búlúù, orí irin lásán ló máa jókòó sí. Àwọ̀ dúdú tí bàbá mi ń wá máa jọ ti ilé-iṣẹ́ lójú ni, kò ní jọ ọ́ nínú. Nítorí náà, àwa méjèèjì la fẹ́ ba nǹkan kan náà jẹ́, àwọ̀ nìkan la fi yàtọ̀.

Ibòmíì wà tí ohun tó wù wá kò tiẹ̀ ní ẹnu ọ̀rọ̀ rárá. Ọ̀gá tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ládùúgbò fẹ́ fi kọ́ọ̀pù tuntun sí ibi tí ọ̀pá pẹ́dàlì ti ń yí. Ó wọlé díẹ̀, ó há. Ó ní kí n mú òòlù wá. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná." Eyín 26 ló wà nínú íǹṣì kan lára Raleigh àtijọ́; ti kọ́ọ̀pù tuntun, 24 ni. Ká ní a fi agbára wọ̀ ọ́ ni, eyín inú férémù ì bá run, kò sì sí ọ̀dà tó lè bo ìyẹn. A fọ kọ́ọ̀pù àtijọ́, a fi bọ́ọ̀lù irin tuntun àti gíríìsì sí i, ó ń yí wọ̀ọ̀.

Ti kúróòmù lórí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ rọrùn. Kúróòmù kì í dógùn-ún, irin abẹ́ rẹ̀ ló ń dógùn-ún gba ihò kéékèèké inú rẹ̀ jáde. Mo rọ bébà fóìlì tí wọ́n fi ń wé ẹran sínú omi, mo fi ń ra á. Aluminiọ́mù rọ̀ ju kúróòmù lọ, kò lè họ ọ́ lára, ṣùgbọ́n ó ń kó ìpáàrà kúrò. Àwọn kan máa ń lo omi ọsàn wẹ́wẹ́, torí pé citric acid inú rẹ̀ máa ń yọ́ ìpáàrà. Òótọ́ ni, àmọ́ ẹ má gbé férémù tó ṣì ní ọ̀dà sínú rẹ̀. Á jẹ phosphate náà.

Ó wá ku àwọ̀ ewé. Mo fi ibi tí mo họ han bàbá mi. Wọ́n wò ó títí, wọ́n wá rántí pé ọ̀dà tó ṣẹ́kù nígbà tí Bàbá kun ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù wọn ni. Bàbá fúnra wọn ni wọ́n kùn ún, torí pé àwọ̀ yẹn wù wọ́n. Ilé-iṣẹ́ kọ́ ló ṣe é, èmi náà kọ́. Bàbá mi ní, "Fi sílẹ̀."

Mo fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọṣẹ, mo fi kíríìmù tí wọ́n fi ń dán mọ́tò pa á lára. Búlúù mi di aago tuntun tí mo so mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Ti àtijọ́ wà nínú ọ̀rá pẹ̀lú nọ́ọ̀tì rẹ̀. Sátidé tó kọjá ni bàbá mi gùn ún lọ ra búrẹ́dì, wọ́n sì pẹ́ kí wọ́n tó dé.