Laptop fúyẹ́fúyẹ́ méjì: Èwo ló yẹ iṣẹ́ oníṣòwò kékeré?

Owó tí oníṣòwò kékeré fi ń ra kọ̀ǹpútà alágbèéká, inú owó ọjà ló ti ń yọ ọ́. Owó yẹn ì bá ti di àpò ìyẹ̀fun, ì bá ti di ìdì aṣọ, ó sì lè jẹ́ owó oṣù ọmọ iṣẹ́. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kàn wọ ọjà kọ̀ǹpútà, kó na ọwọ́ sí èyí tó bá ń dán jù lójú. Tó bá ṣi ọjà rà, ọdún méjì sí mẹ́ta ló máa fi jẹ ìyà rẹ̀.

Nínú àwọn laptop tó fúyẹ́, méjì wà tí àwọn èèyàn sábà máa ń dárúkọ. Èkíní ni MacBook Air tó ní M1 nínú, èyí tí iléeṣẹ́ Apple gbé jáde ní November 2020. Èkejì ni ThinkPad X1 Carbon Gen 9, ìyẹn ìran kẹsàn-án rẹ̀, tí iléeṣẹ́ Lenovo kéde ní January 2021. Apple fúnra rẹ̀ ti dáwọ́ títa ti M1 yẹn dúró láti March 2024, ti Lenovo náà sì ti ní àwọn àbúrò lẹ́yìn. Nítorí náà, tòkunbọ̀ ni ẹni tó bá ń wá wọn yóò sábà bá pàdé, yálà ní Computer Village n'Íkẹjà tàbí níbòmíràn. Bí èèyàn ṣe lè gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kó tó sanwó ni ẹ̀kọ́ tòní dá lé lórí.

Iṣẹ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, ẹ mú ìwé kékeré kan, kẹ́ ẹ kọ gbogbo iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà náà máa bá yín ṣe sínú rẹ̀: ìṣirò ọjà, rìsíìtì, lẹ́tà sí oníbàárà, fọ́tò, fídíò, ìpàdé orí íntánẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ orúkọ ètò kọ̀ǹpútà tẹ́ ẹ ń lò fún ìkọ̀ọ̀kan sí iwájú rẹ̀.

Ìwé yìí ló máa dá ẹjọ́ tó pọ̀ jù níbẹ̀. Windows ni ThinkPad ń lò, macOS ni MacBook ń lò, ètò tí wọ́n ṣe fún ọ̀kan kì í sì í ṣàdédé ṣiṣẹ́ lórí èkejì. Sage 50, ètò ìṣirò owó tí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì ń pè ní Peachtree, Windows ni wọ́n ṣe é fún. Microsoft Access náà kò sí fún macOS. Word àti Excel wà fún méjèèjì ní tiwọn, ohun tí èèyàn bá sì ń ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bíi kó wo àkáǹtì báǹkì tàbí kó ka lẹ́tà tí oníbàárà fi ránṣẹ́, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

Àwọn kan máa sọ fún yín pé Windows ṣeé gbé sórí MacBook. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n Boot Camp tí àwọn MacBook àtijọ́ ń lò kò bá M1 ṣiṣẹ́. Ètò mìíràn lẹ máa lò láti fi gbé e wọlé, kì í sì í ṣe gbogbo ohun tó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows ló máa ṣe dáadáa níbẹ̀. Ẹni tó jẹ́ pé Windows ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ dúró lé kò nílò irú wàhálà yẹn.

Àpò lèèyàn ń gbé

MacBook Air yìí wọn kílógíráàmù 1.29. ThinkPad X1 Carbon ń bẹ̀rẹ̀ láti 1.13. Ìyàtọ̀ àárín wọn jẹ́ gíráàmù 160, ìyẹn ìwọ̀n fóònù kan. Ẹni tó bá wo èyí nìkan máa ní ThinkPad ti borí. Àmọ́ kì í ṣe kọ̀ǹpútà nìkan lèèyàn ń gbé ròde, àpò odindi ni.

Ṣájà 30W kékeré ló ń bá MacBook wá, 65W ló sì sábà máa ń bá ThinkPad wá, ìyẹn sì tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ní ti ojú ihò tí wọ́n ń ki wáyà bọ̀, USB-C méjì péré ni MacBook ní, àti ti gbohùn-gbohùn etí. Ẹni tó bá fẹ́ ki fláàṣì lásán tàbí wáyà ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rìsíìtì bọ̀ ọ́ gbọ́dọ̀ ra ohun tí wọ́n fi ń so ó pọ̀, kó sì máa gbé e kiri. ThinkPad ní USB-C méjì, USB tí gbogbo ayé mọ̀ méjì, àti HDMI tí wọ́n fi ń so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tí wọ́n bá kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò tán, ìyàtọ̀ ìwọ̀n yẹn lè má hàn mọ́. Ojú ThinkPad ló fẹ̀ jù díẹ̀: íǹṣì 14 ni, ti MacBook jẹ́ 13.3.

Tí wọ́n bá mú iná lọ ńkọ́?

Bátìrì ThinkPad jẹ́ 57Wh, ti MacBook jẹ́ 49.9Wh. Ẹni tó bá wo nọ́ńbà yẹn á rò pé ThinkPad ló máa pẹ́ jù, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. M1 kì í jẹ iná púpọ̀. Ó dà bí ọkọ̀ tí táǹkì rẹ̀ kéré, àmọ́ tí kì í mu epo. Apple ní tó bá wà ní tuntun, ó lè lo tó wákàtí 15 lẹ́nu kíka nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ retí iye yẹn lára tòkunbọ̀, ṣùgbọ́n ní ìlú tí jẹnẹrétọ̀ ti ń jẹ èrè ọjà, àǹfààní ńlá nìyẹn. USB-C ni méjèèjì fi ń gba iná, MacBook ló sì rọrùn jù láti fi páwà báǹkì gbé ró, nítorí iná kékeré tó ń fẹ́.

MacBook yìí kò ní fáànù. Kì í pariwo, eruku kì í sì í ti ibẹ̀ wọlé. Tí iṣẹ́ tó wúwo bá wá pẹ́ jù lórí rẹ̀, á dẹ ẹsẹ̀ sílẹ̀ kó má bàa gbóná kọjá àlà. ThinkPad ní fáànù tirẹ̀, nítorí náà, lẹ́yìn ọyẹ́, ó yẹ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe bá yín fẹ́ eruku inú rẹ̀ dànù.

Ohun tí kò ṣeé pààrọ̀

Ibí yìí ni owó ti ń ṣòfò jù. Mẹ́mórì ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni wọ́n ti lẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù pinpin. Èyí tẹ́ ẹ bá rà lónìí lẹ máa lò títí. Ẹni tó bá ra 8GB nítorí pé owó rẹ̀ wálẹ̀, tó ní òun á fi kún un tó bá yá, kò ní rí i ṣe. Fún oníṣòwò tó fẹ́ lò ó fún ọdún púpọ̀, 16GB ló dáa.

Ní ti ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ pamọ́ sí, wọ́n yàtọ̀ síra. Ti ThinkPad ṣeé yọ, ó sì ṣeé fi èyí tó tóbi rọ́pò. Ti MacBook ti lẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Tí bọ́ọ̀dù ThinkPad bá jóná, wọ́n lè yọ ibi ìkópamọ́ rẹ̀, kí wọ́n sì ka ohun tó wà níbẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà mìíràn, bí olówó rẹ̀ bá ti tọ́jú kọ́kọ́rọ́ BitLocker rẹ̀. Tí ti MacBook bá jóná, àfàìmọ̀ kí orúkọ gbogbo àwọn tó jẹ yín ní gbèsè má bá a lọ. Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá rà, ẹ máa da àkọsílẹ̀ ọjà yín sí ibòmíràn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ohun kan tún wà fún àwọn tí omi àti ọtí kì í jìnnà sí tábìlì wọn: Lenovo ṣe bọ́tìnnì ìtẹ̀wé ThinkPad lọ́nà tí omi díẹ̀ tó bá dà sí i kò fi ní tètè bà á jẹ́. MacBook kò ní irú ààbò yẹn.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí

Tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á, ẹ má ṣe tíì kó owó jáde. Bó bá jẹ́ MacBook, ẹ ní kó pa gbogbo inú rẹ̀ rẹ́, kó sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lákọ̀tun níṣojú yín, pẹ̀lú íntánẹ́ẹ̀tì. Tó bá ń béèrè àkáǹtì Apple ti ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀, tàbí tó bá sọ pé iléeṣẹ́ kan ló ń ṣàkóso rẹ̀, ẹ dá a padà. Bó bá jẹ́ ThinkPad, ẹ tan án, kẹ́ ẹ tẹ F1 kó tó wọ Windows. Tó bá ń béèrè páásíwọọdù tí ẹni tó ń tà á kò mọ̀, ẹ fi í sílẹ̀, nítorí bọ́ọ̀dù odindi ni wọ́n máa ń pààrọ̀ nítorí irú rẹ̀.

Bátìrì ló kàn. Lórí MacBook, inú System Report lẹ ti máa rí Cycle Count, ìyẹn iye ìgbà tí wọ́n ti lo bátìrì náà tán tí wọ́n sì tún un kún. Apple ṣe é fún 1,000. Lórí ThinkPad, ẹ ṣí Command Prompt, kẹ́ ẹ tẹ powercfg /batteryreport. Á gbé ìwé kan jáde tó ní Design Capacity àti Full Charge Capacity. Bí àkọ́kọ́ bá jẹ́ 57,000, tí ìkejì jẹ́ 39,900, ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ló ṣẹ́ kù nínú agbára bátìrì yẹn. Ẹ yọ owó bátìrì tuntun kúrò nínú iye tẹ́ ẹ máa san.

Àwọn kan lè fẹ́ fi èyí tó ti pẹ́ jù wọ̀nyí lọ tàn yín nítorí owó rẹ̀. Ẹ rántí pé Microsoft dáwọ́ àtìlẹyìn Windows 10 dúró ní October 14, 2025. ThinkPad Gen 9 gba Windows 11, MacBook M1 náà sì gba macOS Tahoe tó jáde ní 2025.

Èló ló ń jẹ lóṣù?

Ẹ má fi iye tí wọ́n pè é nìkan ṣe ìṣirò. Ẹ gbà pé laptop kan jẹ́ ₦800,000, tí àwọn ohun tí wọ́n máa so mọ́ ọn àti ètò orí rẹ̀ jẹ́ ₦100,000, tẹ́ ẹ sì lérò pé á lo oṣù 36. ₦25,000 ló ń jẹ lóṣù kan. Òmíràn jẹ́ ₦700,000, ó fẹ́ bátìrì ₦80,000, oṣù 30 péré lẹ sì lérò pé ó máa lò. ₦26,000 ni ìyẹn ń jẹ lóṣù. Èyí tó dà bíi pé ó pọ́n wá di èyí tó wọ́n. Àpẹẹrẹ lásán ni àwọn iye wọ̀nyí, ẹ fi iye tẹ́ ẹ bá bá lọ́jà rọ́pò wọn.

Ìdájọ́

Ẹni tó ń ta ohun èlò ìkọ́lé, tí Sage 50 wà lọ́wọ́ akọ̀wé owó rẹ̀, tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rìsíìtì sì wà lórí káńtà, ThinkPad ni kó rà. Ayàwòrán tó ń lọ láti òde kan sí òmíràn, tí kò mọ ibi tó ti máa rí iná, tí ètò tó fi ń tún fọ́tò àti fídíò ṣe sì wà fún macOS, MacBook ló máa gbè é jù. Ẹni tó jẹ́ pé lẹ́tà, Excel àti íntánẹ́ẹ̀tì ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, kó mú èyí tí bátìrì rẹ̀ bá le jù, tó ní 16GB, tí alátùn-únṣe tó mọ̀ ọ́n tún ṣe sì wà ládùúgbò rẹ̀. Ẹ mú ìwé kékeré tẹ́ ẹ kọ nílé yẹn dání lọ sọ́jà, kẹ́ ẹ má sì jẹ́ kí ẹnu dídùn ẹni tó ń tà á pa á rẹ́.